Ẹ Má Ṣe Di Ẹ̀bi Ru Ìyá Ọmọ

A mọ̀ pé bí àwọn kan nínú yín bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ àrùn Kòrónà ni a fẹ́ sọ lórí ojú ewé yìí, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán ni?” A kò bá wọn jà. Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé àrùn náà kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ìbòmú tí a rà lówó gọbọi nígbà náà, ẹlòmíràn ti fi nu àga. A ti padà sínú ilé Ọlọ́run, a ń bọ ara wa lọ́wọ́, a ń dì mọ́ ara wa. Ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn náà kò kúrò nílé ayé, àwọn aláboyún sì ṣì ń kó o. Èyí nìkan ì bá tó láti mú wa kọ̀wé. Ohun tó tún ká wa lára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti àwọn arábìnrin kan tó wà láàrin wa, tí wọ́n bí òkú ọmọ tàbí ọmọ tí kò gbó ní ọdún 2020 àti 2021, tí kò sí ẹni tó jókòó tì wọ́n kó ṣàlàyé ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ fún wọn títí di òní olónìí. Àlàyé tí wọ́n rí gbà ni ti ìyá ọkọ tó ní orí wọn kò gba ọmọ, ti aríran tó ní ìyá àgbà kan nílé bàbá wọn ló mú ọmọ náà lọ, àti ti àwọn ará ìjọ tó ń bèèrè lábẹ́lẹ̀ pé irú ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n dá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé ẹrù yìí kiri. A fẹ́ bá wọn sọ ọ́ kalẹ̀ lónìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn oníṣègùn ti rí.

Láti ara ìyá ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí oyún bá ti ń dàgbà, ilé ọmọ á máa ti ẹ̀dọ̀fóró láti ìsàlẹ̀, ibi tí èémí yóò gbà á wá há. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ ọ́n: àtẹ̀gùn tí ẹ ń sáré gùn tẹ́lẹ̀, ẹ ó dúró lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dé òkè. Bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ tí ara ìyá ń fẹ́ ní àkókò yìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé ẹni méjì ló ń lò ó. Nígbà tí Kòrónà bá wá kọlu irú ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀, àyè tó kù fún un láti gbìyànjú kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ aláboyún máa ń tètè dì ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe ṣe é nìyẹn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà tán lára ìyá ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Kòrónà náà sì jẹ́ àrùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bí méjèèjì bá pàdé, wàhálà dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà, àwọn kan ní aláboyún kò yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2020, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà ti yẹ ìwé nǹkan bí 400,000 obìnrin wò, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 44, tí àrùn náà sì hàn lára wọn. Nínú 1,000 aláboyún, ó lé ní 10 tó dé wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn kan wà láyé, tí èkejì wà lọ́run. Nínú 1,000 àwọn tí kò lóyún, wọn kò pé 4. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021 ni àbájáde ìwádìí mìíràn jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Oxford darí ní orílẹ̀-èdè 18, tí Nàìjíríà àti Gánà wà lára wọn. Wọ́n fi aláboyún 706 tó ní àrùn náà wé 1,424 tí kò ní in. Nínú àwọn tó ní in, 11 kú. Nínú àwọn tí kò ní in, tí iye wọn sì tó ìlọ́po méjì, ẹnì kan ṣoṣo ló kú. Wọ́n tún rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, èyí tó lè di gìrì, pọ̀ sí i láàrin àwọn tó ní àrùn náà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni bíbí ọmọ ṣáájú àkókò.

Ti ilẹ̀ Áfíríkà wa ńkọ́? Àwọn oníṣègùn láti Nàìjíríà, Gánà, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Kóńgò àti Gúúsù Áfíríkà kó ìwé àwọn obìnrin tó wọ ilé ìwòsàn jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2022. Láàrin àwọn obìnrin tó wà ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú Kòrónà, ewu ikú fún aláboyún tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò lóyún. Láàrin àwọn aláboyún tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ewu ikú fún ẹni tó ní Kòrónà tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò ní in. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ pé àrùn òyìnbó ni, pé oòrùn ilẹ̀ wa ti sun ún pa, ó yẹ kí a fi í sílẹ̀.

Ó wá kan ọmọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá kọ́kọ́ ń bẹ̀rù ni pé ọmọ inú yóò kó àrùn náà lára wọn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí káàkiri ayé jọ ní ọdún 2022, nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn ní Kòrónà, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn náà ní in kò pé 2. Ọ̀nà méjì mìíràn ni ibi gbà ń bá ọmọ jù. Ìkíní ni pé ọmọ ń wáyé kí ó tó gbó. Nígbà mìíràn ìrọbí ló dé ṣáájú. Nígbà mìíràn àwọn dókítà ló fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde kí ìyá lè rí èémí mí. Ní Ìlú Ọba, ohun tí wọ́n kéde ní oṣù kejìlá ọdún 2021 ni pé nínú aláboyún 5 tí àrùn náà gbé dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní láti tètè gba ẹbí ẹnì kan kí ara rẹ̀ lè yá, ọmọ kan nínú 5 sì ń nílò ìtọ́jú ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun tí ara wọn kò le. Níbi tí ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru bá wà, tí iná wà, tí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ wà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á yè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé ìwòsàn wa ní ìgbèríko, tí iná máa ń lọ ní agogo méjì òru tí ẹni tí yóò tan jẹnẹrétọ̀ kò sì rí epo, ẹ mọ ohun tí à ń sọ.

Ìkejì ni ti ibi ọmọ, òun gan-an ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ibi ni ó ń gba oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ láti ara ìyá wá fún ọmọ. Nínú àwọn aláboyún díẹ̀ tí Kòrónà mú, kòkòrò náà wọ inú ibi lọ, ó bà á jẹ́, ó sì mú kí nǹkan kan tó dà bí ẹ̀jẹ̀ dídì kún àárín rẹ̀ títí tí ẹ̀jẹ̀ ìyá kò fi rí ọ̀nà kọjá mọ́. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè 12 yẹ ibi àwọn ọmọ 68 wò, àwọn ọmọ tó kú sínú oyún tàbí kété lẹ́yìn ìbí nígbà tí ìyá wọn ní àrùn náà. Bí a bá pín irú ibi bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, ohun tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ lápapọ̀ ju ọ̀nà mẹ́ta lọ. Ní ti púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe pé àrùn jẹ ọmọ lára. Afẹ́fẹ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn ni.

Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ìyá fúnra rẹ̀ lè máà ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀fìnkìn àti orí fífọ́ lásán, kí ó lo párásítámọ́ọ̀lù méjì, kí ó sì gba ọjà lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tàbí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ṣàkíyèsí pé ọmọ kò yí mọ́. Ní Amẹ́ríkà wọ́n wo ìwé ìbímọ tó lé ní mílíọ̀nù kan láti oṣù kẹta ọdún 2020 sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Láàrin àwọn ìyá tí kò ní Kòrónà, òkú ọmọ tí wọ́n bí jẹ́ 6 nínú 1,000 ó lé díẹ̀. Láàrin àwọn tó ní in, ó lé ní 12. Nígbà tí ẹ̀yà àrùn náà tí wọ́n ń pè ní Delta gbòde, ó di 27 nínú 1,000.

Ẹ wá ro ti arábìnrin kan tó bí òkú ọmọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí Delta wà nígboro. Kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò fún Kòrónà. Kò sí ẹni tó yẹ ibi ọmọ náà wò. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ bí a ti ń rì í. Ohun kan ṣoṣo tó rántí ni pé imú rẹ̀ dí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ṣé ó wá tọ́ kí ẹnì kan dìde nínú ìpàdé àdúrà kó ní kí ó jẹ́wọ́? Kí ni kí ó jẹ́wọ́? A kò sọ pé gbogbo òkú ọmọ tí wọ́n bí ní àkókò náà ni Kòrónà pa o. Ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìrọbí tó pẹ́ jù ti ń pa ọmọ tipẹ́tipẹ́ kí Kòrónà tó dé. Ohun tí à ń sọ ni pé nǹkan wọ̀nyí ní orúkọ, wọ́n ní ìdí, àwọn oníṣègùn sì lè fi ìka tọ́ka sí wọn. Ìyá tí oókan àyà rẹ̀ ti gbọgbẹ́ kọ́ ni ìdí náà.

Rákélì ìyàwó Jákọ́bù kú sí ojú ọ̀nà Éfúrátà níbi tí ó ti ń rọbí. Ìwé Mímọ́ sọ bí ìrọbí náà ti le tó, ó sọ pé agbẹ̀bí wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ń tù ú nínú, ó sọ pé ọkọ rẹ̀ gbé ọ̀wọ̀n kan nà ró sí ibojì rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn oníwàásù kan máa ń so ikú rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí Jákọ́bù sọ nígbà tí Lábánì ń wá àwọn ère rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó lọ ka ìtàn ikú náà ní orí 35 ìwé Jẹ́nẹ́sísì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó wá sọ ibi tí wọ́n ti dá Rákélì lẹ́bi fún wa. Kò sí níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi sin ín.

Nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020 ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri ayé, bí ìyá bá ti ní Kòrónà, wọn á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn á sì máa fún un ní mílíìkì inú agolo. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún náà gan-an, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣàlàyé pé kí ìyá máa fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, kí ó máa fọ ọwọ́, kí ó lo ìbòmú nígbà tí ọmọ bá wà láyà rẹ̀, kí a má sì yà wọ́n nípá. Ní ti ọmọ tí kò gbó, bí ìyá ṣe ń gbé e sí ìhòòhò àyà kí ó lè rí ooru jẹ́ ìtọ́jú ńlá. Ìṣirò kan tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2021 fi hàn pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, irú ìtọ́jú yìí lè dá ẹ̀mí ọmọ tó lé ní 125,000 sí, nígbà tí àwọn tí Kòrónà lè tipa bẹ́ẹ̀ pa kò ní pé 2,000. Ẹ rí i pé àwọn ìyá wa àgbà tí wọ́n ń fi ọmọ pọ̀n sáyà kò ṣì í ṣe.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ oníṣègùn. Ìdájọ́ òdodo ni iṣẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ Olúwa, nítorí náà a ní láti bèèrè pé àwọn wo ni ikú yìí mú jù. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta sí ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2020, aláboyún 427 tó ní Kòrónà ni wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba. Ó ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ará Éṣíà àti àwọn ẹ̀yà kékeré mìíràn. Ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú, bí wọ́n ṣe ń wọ ilé ìwòsàn tó ìlọ́po mẹ́jọ ti àwọn funfun. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní London àti Manchester kò nílò kí a ṣàlàyé fún yín. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó, tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó ń fọ ilé ìwòsàn, kò lè jókòó sílé kó máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

Ní Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti di onílé, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò ní àárín ọdún 2020, aláboyún àti abiyamọ 160 ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé Kòrónà ti pa ní gbogbo ayé. 124 nínú wọn jẹ́ ti Brazil. Ó lé ní ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn 124 yìí tí kò dé wọ́ọ̀dù àìsàn líle rárá títí tó fi kú. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ tún wò ó ní ti àwọ̀ ara: láàrin àwọn aláboyún àti abiyamọ tí àrùn náà gbé dé ilé ìwòsàn, ikú àwọn obìnrin dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn funfun. Kòkòrò kan náà ni, ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tó rí bẹ́ẹ̀dì àti ẹni tí kò rí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ohun tí ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ ìlera ìjọba wọn rí sọ ni pé bí ó bá ṣeé ṣe, kí àwọn obìnrin sún oyún níní síwájú ná. Ó rọrùn lẹ́nu ọkùnrin.

Nílé wa níbí, ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà, ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni wọ́n sì ti Èkó àti Àbújá pa. Òfin ní kí aláìsàn máa kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tí ìrọbí mú lóru, ta ni yóò gbé e? Ọ̀pọ̀ yín ló mọ obìnrin kan tí wọ́n ní kó lọ mú ìwé àyẹ̀wò Kòrónà wá nígbà tí omi ti ya lára rẹ̀, tàbí tí wọ́n lé lẹ́nu géètì nítorí pé ó wúkọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ní ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rù. Ibọ̀wọ́ tí kò tó, ìbòmú tí kò sí, owó oṣù tí kò wọlé. Ẹni tó yẹ kó pèsè nǹkan wọ̀nyí ni ìjọba. Ìyẹn ni a fi ń sọ pé kì í ṣe àrùn nìkan ló pa àwọn tó kú.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí wọ́n ń dán abẹ́rẹ́ náà wò ní ọdún 2020, wọ́n yọ àwọn aláboyún sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní ààbò ni àwọn fi ṣe fún wọn. Ohun tó wá tìdí rẹ̀ jáde ni pé nígbà tí abẹ́rẹ́ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, kò sí dókítà tó lè dá aláboyún lóhùn ní pàtó. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ ní kí aláboyún má gbà á àfi bí ewu tó wà níwájú rẹ̀ bá pọ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2021 ni àkọ́kọ́ ẹrù abẹ́rẹ́ náà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4, dé sí Nàìjíríà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ tí iléeṣẹ́ ìdènà àrùn Amẹ́ríkà rọ gbogbo aláboyún pé kí wọ́n gbà á, Delta ti dé ẹnu ọ̀nà, irọ́ sì ti ṣáájú òtítọ́ wọlé. Ẹ̀yin náà gbọ́ àwọn irọ́ náà: pé ó ń sọ obìnrin di àgàn, pé àmì ẹranko náà ni, pé ẹni tó bá gbà á yóò bí abàmì. Lórí àwọn pẹpẹ kan ni wọ́n ti sọ ọ́, pẹ̀lú makirofóònù, níwájú àwọn aláboyún tó jókòó sí ìlà iwájú láti gba àdúrà. Títí di òní, a kò gbọ́ kí púpọ̀ nínú àwọn tó sọ ọ́ dìde kí wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gbà á àti àwọn tí kò gbà á? Ní Scotland, wọ́n ka gbogbo aláboyún orílẹ̀-èdè náà láti oṣù kejìlá ọdún 2020 sí oṣù kẹwàá ọdún 2021. Àwọn 104 ni Kòrónà gbé dé wọ́ọ̀dù àìsàn líle. 102 nínú wọn ni kò gba abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ tó kú nígbà tí ìyá wọn ní àrùn náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìyá rẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́ nígbà tí àrùn mú un. Ọmọ náà tún ń jẹ nínú àǹfààní rẹ̀ lẹ́yìn ìbí, nítorí pé ohun ìjà tí abẹ́rẹ́ fún ìyá máa ń gba inú ibi kọjá sí ara ọmọ. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejì ọdún 2022 wo àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí Kòrónà gbé dé ilé ìwòsàn: nínú 100 wọn, 84 ni ìyá wọn kò gba abẹ́rẹ́ nínú oyún. Ọmọ oṣù méjì kò lè gba abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí ìyá bá fún un ló ní.

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà yóò ti gbọ́ pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba wọn yọ aláboyún tí ara rẹ̀ le kúrò lára àwọn tí wọ́n gbà nímọ̀ràn láti gba abẹ́rẹ́ náà. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn aláboyún ilẹ̀ náà sọ ní gbangba pé àwọn kò fara mọ́ ọn, wọ́n sì ṣì ń gba aláboyún nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbà á. Ìmọ̀ràn tiwa fún yín ni pé kí ẹ bi dókítà tó ń tọ́jú yín, kí ẹ má fi ti ìṣèlú ṣe.

Àwa gba ìwòsàn àtọ̀runwá gbọ́, a kò sì ní jáwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fáráò fẹ́ pa àwọn ọmọ Hébérù ní Íjíbítì, agbẹ̀bí méjì ni Ọlọ́run lò, Ṣífúrà àti Púà, a sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nígbà tí a kò kọ orúkọ Fáráò. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ní ọdún 2023, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú nítorí oyún tàbí ìbímọ ní Nàìjíríà, èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní ayé lọ. Kòrónà ti lọ sílẹ̀ nígbà náà. Géètì tí wọ́n tì mọ́ aláboyún ní ọdún 2020 kò tíì ṣí dáadáa. Owó ni wọ́n fi ń tì í báyìí.

Nítorí náà, a ní ọ̀rọ̀ fún ìjọba àti fún ara wa. Lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀, a ń bèèrè pé kí wọ́n má lé aláboyún kankan nítorí owó tàbí nítorí ìwé àyẹ̀wò, kí ọ́síjìn sì wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí. Bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá dé, a kò fẹ́ kí aláboyún tún jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí wọn yóò rántí nígbà tí wọ́n bá ń dán oògùn wò. Àwọn aṣojú wa yóò gbé ìwé yìí lọ fún àwọn aṣòfin, a ó sì tẹ èsì wọn sí ojú ewé yìí bí wọ́n bá fèsì.

Ní ti ilé ìgbẹ̀bí àwọn ìjọ wa, ẹ̀yin ìyá agbẹ̀bí, ẹ jọ̀wọ́: ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní gbogbo ìgbà tí aláboyún bá wá, kì í ṣe ní ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ ọ nìkan. Aláboyún tí èémí rẹ̀ ń já, tí àyà ń dùn, tí ètè rẹ̀ dúdú, tí ibà rẹ̀ kò lọ, ẹ má dá a dúró di ìparí ìṣọ́ òru. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹni kan nínú yín sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ní ọmọ òun kò yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ má sọ fún un pé ọmọ náà ń sùn.

Ẹ̀yin ọkọ, owó ọkọ̀ òru kì í ṣe ohun tí à ń wá ní òru. Ẹ fi sí apá kan láti oṣù keje oyún, kí ẹ sì ní nọ́ńbà awakọ̀ kan tó ń gbé ládùúgbò yín.

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ìyá méjì tí wọn yóò máa bẹ àwọn aláboyún inú ìjọ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì wá àwọn arábìnrin tó pàdánù ọmọ ní ọdún 2020 àti 2021 kàn nílé wọn. Ẹ ka ìwé yìí sí wọn létí, ọkọ wọn àti ìyá ọkọ wọn náà kí wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kí a fi orúkọ náà kún ti àwọn tí à ń rántí ní ìsìn ìparí ọdún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí oṣù kọkànlá tó parí.